Joseph Whitworth: Ẹlẹ́rọ tí ó wá ìdí tí ọta ìbọn fi ń tàsé

Ní ọdún 1854, ogun Crimea gbóná janjan. Àwọn ọmọ ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń bá Rọ́ṣíà jà ní etí Òkun Dúdú, ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì rí i pé ìbọn tí ó wà nílẹ̀ kò tó. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ìlú Birmingham, tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, kò lè yára tó bí ogun ṣe ń béèrè. Ìjọba bá ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni kan ní Manchester, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri nípa ẹ̀rọ ṣíṣe, pé kí ó wá ṣe àwọn ẹ̀rọ tí yóò máa rọ ìbọn Enfield jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ tí owó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ìbá ti na ọwọ́ gbà á kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n Joseph Whitworth kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun kò ní ṣe ẹ̀rọ fún ọ̀pá ìbọn tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí tí ọ̀kan nínú rẹ̀ fi ń ba ohun tí a yìn ín sí tí èkejì sì ń tàsé. Ìdí náà ni ó fẹ́ wá ná.

Ìlú Stockport, tí kò jìnnà sí Manchester, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1803. Olùkọ́ ilé-ìwé ni Charles bàbá rẹ̀ kí ó tó di àlùfáà ìjọ Congregational. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, ilé wọn sì tú. Wọ́n fi ọmọ náà sí ilé-ìwé kan ní Idle, nítòsí Leeds, ìwé tí ó kà níbẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ tí ó ní ilé iṣẹ́ òwú ní Derbyshire, kí ó lè kọ́ òwò níbẹ̀, bóyá kí ó sì di ẹni tí yóò bá a dá iṣẹ́ náà pọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Òwò kò wọ ọmọ náà lójú rárá. Ara ẹ̀rọ tí ń ran òwú ni ojú rẹ̀ wà. Kò pẹ́ tí ó fi mọ gbogbo wọn tinú-tòde, ó sì rí i pé iṣẹ́ tí a ṣe sí wọn lára kò gún régé. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 18, ó fi ogún tí a ń tò sílẹ̀ dè é sílẹ̀, ó lọ di òṣìṣẹ́ lásán ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Manchester, ó ń gba owó iṣẹ́ bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1825, ó fẹ́ Fanny Ankers, ó sì kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Henry Maudslay, ẹni tí àwọn ẹlẹ́rọ ìgbà náà kà sí ọ̀gá gbogbo wọn, àti lẹ́yìn náà lábẹ́ Joseph Clement, ẹni tí ń bá Charles Babbage ṣe ẹ̀rọ ìṣírò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Maudslay ni Whitworth ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ohun kan tí ó dà bí eré lójú ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ irin, èyíinì ni bí a ṣe lè mú kí ojú irin tẹ́ pẹrẹsẹ ní tòótọ́. Bí a bá fi irin méjì ra ara wọn títí wọn yóò fi bára mu, ìyẹn kò fi hàn pé wọ́n tẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan kó ikùn jáde tí èkejì sì jìn wọnú, tí àwọn méjèèjì sì bára dọ́gba bí ideri àti ìkòkò. Whitworth mú irin mẹ́ta. Ó ń fi ìkínní wé ìkejì, ìkejì wé ìkẹta, ìkẹta wé ìkínní, ó sì ń há ibi tí ó bá ga kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bára mu. Irin mẹ́ta kò lè bára mu bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo wọn tẹ́. Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Iṣẹ́ ọwọ́ Whitworth láti ìgbà náà lọ kò ní ìwà mìíràn ju èyí lọ.

Ní ọdún 1833 ó padà sí Manchester, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní òpópónà Chorlton. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti kàn. Ní àkókò yẹn, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gé eyín bóòtù àti nọ́ọ̀tù tirẹ̀ bí ó ti wù ú, tí ó fi jẹ́ pé bí bóòtù kan bá sọnù lára ẹ̀rọ, àfi kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Whitworth kó bóòtù jọ láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, ó wọ̀n wọ́n, ó sì mú àárín wọn. Ní ọdún 1841 ó gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó sọ iye eyín tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan fún bóòtù tí ó nípọn tó báyìí tó báyìí, tí igun eyín náà sì jẹ́ díígíríì 55. Ìlànà náà di ti gbogbo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ẹ̀rọ wọn lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n tà á dé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí orúkọ Whitworth kò fi ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì tí ó ti fi sípánà tú ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ rí. Ó tún ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n kan tí ó lè fi ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ínṣì hàn. Irú ẹni tí ìjọba lọ bá pé kí ó wá ṣe ìbọn lọ́pọ̀ yanturu nìyí: ẹni tí kò gbà pé òun mọ ohun kan àfi bí òun bá wọ̀n ọ́n.

Kí ohun tí ó wá ṣe lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó yà ìbọn ráífù sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn ìṣáájú. Inú ọ̀pá ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ̀ ń dán ni, kò sí ilà kankan nínú rẹ̀. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Òyìnbó lò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ọta òjé rogodo ni wọ́n sì ń kì sí i. Ọta náà a máa gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì bí ó ti ń jáde, a sì máa yí bí ó bá ṣe wù ú, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí yóò yà sí bí ó bá ti kọjá nǹkan bí ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ìbọn ráífù ní ilà tí a gbẹ́ sínú ọ̀pá rẹ̀, ilà náà sì ń lọ́ yípo bí eyín bóòtù. Bí ọta ti ń sáré jáde, ó ń tọ ipa ilà náà, ó sì ń yí bí ó ti ń lọ. Gbogbo ọmọdé tí ó ti ta òkòtò rí ni ó mọ àǹfààní èyí. Bí òkòtò bá ń yí kíkankíkan, orí ẹṣẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín ni yóò dúró lé, kò ní ṣubú. Bí yíyí náà bá rọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, yóò sì dojú bolẹ̀. Benjamin Robins, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣírò, ti sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní ọ̀pá oní-ilà níwájú ẹgbẹ́ Royal Society láti ọdún 1747. Ṣùgbọ́n ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí àwọn ọmọ ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápapọ̀ tó ní ráífù lọ́wọ́, nítorí pé ó ṣòro láti ki ọta sínú ọ̀pá oní-ilà kíákíá lójú ogun.

Ìbọn Enfield ti ọdún 1853 ti borí ìṣòro kíkì yẹn. Ọta rẹ̀ kì í ṣe rogodo mọ́. Ó gùn, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ sì jìn wọnú, tí iná ẹ̀tù fi ń mú kí ó fẹ̀ kí ó sì di ilà mú. Ihò ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 0.577. Ilà mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ìlọ́ wọn sì jẹ́ ẹyọ kan ní ínṣì 78. Ìtumọ̀ èyí ni pé ilà náà gbọ́dọ̀ rin ínṣì 78 kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níwọ̀n bí ọ̀pá ìbọn náà kò ti gùn ju ínṣì 39 lọ, ààbọ̀ yíyí péré ni ọta ń yí kí ó tó bọ́ sí ìta.

Ta ni ó sọ pé kí ó jẹ́ 78? Ìbéèrè tí Whitworth gbé lọ sí Birmingham nìyí. Ó lọ láti ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ kan dé òmíràn, ó ń bi wọ́n léèrè bí ilà ti gbọ́dọ̀ lọ́ tó, bí ihò ti gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, àti ohun tí ó ń mú kí ìbọn kan dára ju òmíràn tí ọwọ́ kan náà ṣe lọ. Èsì wọn kò bára mu. Oníkálukú ní àṣà tí ó bá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Whitworth sọ fún ìjọba pé òun yóò ṣe ìwádìí náà bí wọ́n bá lè san owó ibi tí òun yóò ti máa yìnbọn àti ti ohun èlò. Ní ti làálàá tirẹ̀, kò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ àpò ìjọba lọ́ tìkọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ (irú wọn kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú kankan), ṣùgbọ́n Lord Hardinge, olórí àwọn ọmọ ogun, dúró tì í, wọ́n sì gbà.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tí a ń pè ní The Firs, ní Fallowfield lẹ́bàá Manchester, ni wọ́n kọ́ ibi ìyìnbọn náà sí. Ilé gígùn gbọọrọ tí a bò lórí ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ 500 yáàdì, kí afẹ́fẹ́ má baà máa ti ọta sọ́tùn-ún sósì. Kò pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ tán ni ìjì ńlá kan jà tí ó wó o palẹ̀. Wọ́n tún un kọ́, ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé ọdún 1855, nígbà tí ogun Crimea fúnra rẹ̀ ti ń lọ sópin.

Ohun tí Whitworth ṣe nínú ilé gígùn yẹn rọrùn tí ó fi ń yani lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó ti ṣe é ṣáájú. Ó na àwọn bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú ọ̀nà ọta, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, láti ẹnu ìbọn dé ibi àmì. Bí ọta bá ti kọjá, ihò tí ó lu sí bébà kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ìtàn ìrìn rẹ̀. Bí ihò bá rí róbótó, ọta náà ń fi orí lọ tààrà. Bí ihò bá gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí kí ó tilẹ̀ ti máa fi ẹ̀gbẹ́ lọ. Nípa báyìí ó lè mọ ibi gan-an tí àṣìṣe ti wọ̀ ọ́, kì í kàn án ṣe pé ó tàsé.

Lẹ́yìn náà ni ó ń yí nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀pá tí ìlọ́ rẹ̀ lọ́ra yìnbọn, ó sì fi èyí tí ìlọ́ rẹ̀ yára yìn ín. Ó lo ọta kúkúrú, ó lo èyí tí ó gùn. Ohun tí ó yọ jáde ni pé ìlọ́ àti gígùn ọta kò ṣe é yà kúrò lára ara wọn. Bí ènìyàn bá ju ọmọ odó síwájú, orí yóò di ìdí, ìdí yóò di orí, kí ó tó balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ṣe ọta tí ó gùn: ó ń tì í níwájú, ó fẹ́ yí orí rẹ̀ sẹ́yìn, agbára tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí ọta náà bá ti gùn tó. Yíyí ni ó ń di ọta mú kí ó má ṣubú. Nítorí náà, bí ọta bá ti gùn tó ni ó gbọ́dọ̀ yí kíkankíkan tó. Ọta Enfield kúrú, ó lè fara mọ́ ìlọ́ tí ó lọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi ọta gígùn sínú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìdìgìdì nínú afẹ́fẹ́.

Èwo wá ni àǹfààní ọta gígùn? Ìwọ̀n kan náà ni Whitworth fi sílẹ̀ fún ọta tirẹ̀ bí ti Enfield, nǹkan bí gíráàmù 34. Ṣùgbọ́n ó sọ ihò ọ̀pá di ínṣì 0.451. Òjé kan náà tí a rọ sínú ihò tóóró kò ní ṣàì gùn. Ọta rẹ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú kékeré ni irú ọta bẹ́ẹ̀ ń kọ sí afẹ́fẹ́, nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í tètè gba eré lára rẹ̀, yóò sì lọ jìnnà. Láti lè mú un dúró ni Whitworth fi yan ìlọ́ kan ní ínṣì 20. Bí a bá ní kí ọta jáde pẹ̀lú eré tí ó tó 1,200 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Enfield yóò máa yí nǹkan bí ìgbà 185 ní ìṣẹ́jú-àáyá náà. Ti Whitworth yóò máa yí ní ìgbà 720.

Ìlọ́ tí ó yára náà ní ewu tirẹ̀. Òjé rọ̀; bí ilà bá lọ́ jù, ọta lè fò kọjá lórí ilà láìtẹ̀lé e, kí ó sì jáde láìyí rárá. Whitworth bá kọ ilà sílẹ̀ pátápátá. Ó mú kí ihò ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ní igun mẹ́fà, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu. Ó ṣe ọta náà ní igun mẹ́fà tí ó lọ́ bákan náà, tí ó fi ń wọ inú ọ̀pá bí bóòtù ti ń wọ nọ́ọ̀tù. Ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ wo bóòtù nìkan ni irú èrò yìí lè wá sọ́kàn rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1857 ni wọ́n gbé ìbọn méjèèjì pàdé ní Hythe, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn ti àwọn ọmọ ogun wà, níwájú Lord Panmure, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun. Wọ́n wọn bí ọta kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí àárín tó, wọ́n sì ṣírò ìpíndọ́gba. Ní 500 yáàdì, ti Enfield jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2.24, ti Whitworth jẹ́ 0.37, tí kò ju ínṣì mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Ní 800 yáàdì, Enfield jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4.11, Whitworth jẹ́ ẹyọ kan péré. Ní 1,100 yáàdì, tí ó ju ààbọ̀ máìlì lọ, Enfield ti fi ẹsẹ̀ bàtà 8 tàsé. Ti Whitworth jẹ́ 2.62. Nígbà tí wọ́n dé 1,400 yáàdì, Enfield kò rí àmì bà mọ́ rárá. Whitworth ṣì ń bà á.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Àwọn ọ̀gágun kan sọ pé ihò ọ̀pá náà kéré jù fún ìbọn ogun. Òmíràn ṣàròyé pé ó gbówó lórí jù. Èyí tí ó ṣòro jù láti dáhùn ni ti èérí: ẹ̀tù dúdú ìgbà náà a máa fi èérí lílẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, bí a bá sì ti yìnbọn léraléra, ọta tí a ṣe kí ó bá inú ọ̀pá mu rẹ́gí yóò ṣòro láti kì. Ọmọ ogun tí ọ̀tá dojú kọ kò ráàyè láti máa fọ ọ̀pá ìbọn. Ó yẹ kí a gbà pé ẹjọ́ àwọn ọ̀gágun wọ̀nyí kò burú tán. Ohun tí Whitworth fi ìwọ̀n gbé kalẹ̀ lábẹ́ òrùlé The Firs àti ohun tí ẹrẹ̀ àti òjò ń ṣe sí ìbọn lójú ogun kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó tún hàn pé kò wu àwọn mìíràn láàárín wọn kí ẹlẹ́rọ Manchester tí kò wọ aṣọ ogun rí máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ wọn. Ìwà Whitworth kò sì ràn án lọ́wọ́. Ọlọ́rọ̀ kúkúrú ni, ó le bí irin, kò sì mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ojú ẹni mọ́ra. Ọmọ ogun lápapọ̀ kò gba ìbọn náà.

Àwọn tí ń fi ìbọn ṣe ìdíje gbà á tayọ̀tayọ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1860, ní ìpàdé kìn-ín-ní ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria ni ó yin ìbọn àkọ́kọ́. Ìbọn Whitworth ni wọ́n gbé sórí ìjókòó irin fún un, wọ́n ti dojú rẹ̀ kọ àmì sílẹ̀, okùn nìkan ni Ọbabìnrin fà. Láti 400 yáàdì, ọta náà bọ́ sí ibi tí kò ju ínṣì kan àti díẹ̀ lọ sí àárín gbùngbùn.

Ibi tí wọ́n ti lò ó láti pa ènìyàn ni Amẹ́ríkà. Nígbà ogun abẹ́lé wọn láàárín ọdún 1861 sí 1865, àwọn ará Gúúsù ra ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ráífù Whitworth, wọ́n sì fi ọkọ̀ tí ń yọ́ kọjá ọkọ̀ ogun àwọn ará Àríwá kó wọn wọlé. Àwọn atamátàsé wọn nìkan ni wọ́n ń kó wọn lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa wá àwọn ọ̀gágun àti àwọn tí ń yin àgbá ní ọ̀nà jíjìn réré. Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 1864, ní Spotsylvania ní ìpínlẹ̀ Virginia, ọta kan láti ọ̀nà jíjìn ba Ọ̀gágun John Sedgwick ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Àríwá nísàlẹ̀ ojú, ó sì kú. Ìtàn sọ pé ó ti ń dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́kàn le pé kí wọ́n má fòyà, pé ọ̀tá jìnnà jù. Ọ̀pọ̀ àwọn òpìtàn ni ó gbà pé ìbọn Whitworth ni ó pa á. Àgbá Whitworth, tí inú rẹ̀ ní igun mẹ́fà bákan náà, ti dún ṣáájú ìgbà náà ní Gettysburg ní oṣù Keje ọdún 1863.

Ní ilé, ọ̀rọ̀ àgbá yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti William Armstrong ti Newcastle, ẹlẹ́rọ ńlá mìíràn tí ìjọba ti fi ọkàn tán. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n dán àgbá wò fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó bá a lọ, kò sì sí èyí tí ó borí pátápátá nínú wọn. Ìtàn náà gùn, kò sì dùn ún gbọ́. Ọdún 1897, nígbà tí Whitworth ti kú tán, ni ilé iṣẹ́ àwọn méjèèjì di ọ̀kan.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ráífù ti yọrí sí? Ní ọdún 1866, ìjọba gba ìbọn Snider. Ìbọn Enfield àtijọ́ náà ni, tí a gé ìdí rẹ̀ kí a lè máa ki ọta láti ẹ̀yìn dípò ẹnu. Ọ̀pá oní-ìlọ́ kan ní ínṣì 78 ni wọ́n fi sílẹ̀ lára àwọn ìbọn gígùn tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ìbọn Snider yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ó wà lára àwọn ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sí ogun Èkìtìparapọ̀ nígbà Ogun Kírìjì, èyí tí ó jà láti ọdún 1877 títí di 1893. Kíkì rẹ̀ yá ju ti ṣakabùlà lọ fíìfíì, ọta rẹ̀ sì ń jìnnà jù ú lọ, ọ̀rọ̀ sì yí padà fún Ìbàdàn ní ojú ogun náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gba ìbọn tuntun ní ọdún 1871, èyí tí a ń pè ní Martini-Henry, ihò ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 0.450. Ìlọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan ní ínṣì 22. Igun mẹ́fà kò sí nínú rẹ̀, ọ̀nà tí Alexander Henry gbà gbẹ́ ilà ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà méjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.451 àti 20 ti Whitworth yóò rí i pé ọ̀nà tí wọ́n kọ̀ ní ọdún 1857 ni wọ́n padà rìn. Ìdíwọ́ èérí ti dínkù, nítorí pé ẹ̀yìn ni a ń gbà ki ọta, a kì í tì í gba inú ọ̀pá tí ó dọ̀tí kọjá mọ́.

Ohun tí Whitworth fi bébà àti sùúrù rí, Alfred George Greenhill, olùkọ́ ìṣírò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun alágbàá ní Woolwich, wá fi ìṣírò sọ di òfin ní ọdún 1879. Òfin rẹ̀ kò le. Kí a fi ìbú ọta pín gígùn rẹ̀, kí a fi èsì rẹ̀ pín 150; iye tí ó bá jáde ni iye ìbú ọta tí ilà gbọ́dọ̀ rìn kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí ọta bá gùn ní ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, 150 tí a fi mẹ́ta pín jẹ́ 50. Ìlọ́po 50 ínṣì 0.451 sì jẹ́ nǹkan bí ínṣì 22 àti ààbọ̀. Ínṣì 20 tí Whitworth yàn yá ju èyí lọ díẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ọta tí ó bá tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 75 ni Whitworth ní ọdún tí Greenhill ṣe òfin yìí, kò sì sí bébà kan ní Fallowfield tí òfin náà sọ di irọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, owó ń wọlé fún un láti ara ẹ̀rọ, láti ara àgbá tí ó ń tà fún ilẹ̀ òkèèrè, àti láti ara irin líle tí ó wá ọ̀nà láti máa fi agbára omi tẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń ṣàn, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀. Ní ọdún 1868 ó ya £100,000 sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọn yóò fi máa fún ọgbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin ní £100 lọ́dọọdún. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ẹni tí yóò gbà á mọ ìwé, kí ó sì mọ bí a ti ń fi ọwọ́ lo ayùn irin àti òòlù. Ọ̀mọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù kò sí lára àwọn tí ó ń wá. Ẹ̀bùn náà ń lọ títí di òní. Ní ọdún 1869 Ọbabìnrin fi oyè Baronet dá a lọ́lá.

Òun àti Fanny ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí obìnrin náà tó kú ní ọdún 1870. Ní ọdún 1871 ó fẹ́ Mary Louisa Orrell, wọ́n sì kó lọ sí Stancliffe ní Darley Dale, ní Derbyshire níbi tí ó ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ ní kékeré. Kò bímọ. Nígbà òtútù, wọ́n a máa gbé e lọ sí etí òkun Mẹditaréníà nítorí àìlera rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kú, ní Monte Carlo, ní ọjọ́ 22, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1887. Darley Dale ni wọ́n sin ín sí.

Ó fi dúkìá rẹ̀ lé aya rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ méjì lọ́wọ́ pé kí wọ́n ná an bí wọ́n bá ti rí i pé ó tọ́. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé àwòrán Whitworth àti ọgbà tí ó yí i ká sílẹ̀ ní Manchester ní ọdún 1889, nínú rẹ̀ náà ni owó ti dé ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn àti yunifásítì ìlú náà. The Firs di ibùgbé C. P. Scott, olóòtú ìwé ìròyìn Manchester Guardian, títí tí òun náà fi kú níbẹ̀ ní ọdún 1932. Lẹ́yìn náà ni ilé náà di ti yunifásítì.